Ẹ má tíì dá hítà lẹ́bi: omi tí ò lágbára ló ń mú kí ṣáwà máa gbóná máa tutù

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ṣáwà ilé yín bá ń gbóná janjan lójijì, tó tún tutù nini kí ẹ tó ṣan ọṣẹ kúrò lójú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gba ọjà lọ ra hítà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ lọ wọn omi. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́, torí nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀ n'Íbàdàn níbí, hítà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, omi tó ń wọ inú ẹ̀ ni ò tó, tàbí kí omi ọ̀hún máa pọ̀ kó máa dínkù bí ẹlòmíì ṣe ń ṣí táàpù níbòmíì nínú ilé. A máa ń pààrọ̀ hítà, a máa ń pààrọ̀ orí ṣáwà, a máa ń pe oníná, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé omi yìí, ibo ló ti ń bọ̀, ibo ló gbà, ta ló sì ń dá a lọ́nà.

Màmá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára tó báyìí. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, wọ́n ti dàgbà, omi tútù kì í bá wọn lára mu mọ́, pàápàá tí ọyẹ́ bá mú, eegun á kàn máa ro wọ́n ni. Tí omi bá wá yí padà lójijì lára àgbàlagbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira lásán, ewu ni. Omi tó bá gbóná dé 60 dìgírì, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó kó fi bó èèyàn, awọ àgbà sì fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ wọn ò yá mọ́ láti fò kúrò nídìí ṣáwà, ilẹ̀ bálùwẹ̀ tún ń yọ̀. Ọmọ kékeré náà, bákan náà ni. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe lè gbọ́ kí ẹnì kan sọ fún wọn pé kí wọ́n kàn máa sún sẹ́yìn tó bá ti gbóná.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa rèé. Tó bá jẹ́ pé màmá nìkan ló ń lo omi, kò síṣòro, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Kí ẹnì kan ṣáà ti ṣí táàpù kíṣìnì láti fọ abọ́, omi ṣáwà á rọlẹ̀, á di tín-ín-rín, á wá gbóná kọjá ààlà, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ "kọ̀" nínú hítà, iná pupa ara ẹ̀ á kú, omi tútù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, tó bá tún ṣe díẹ̀, "kọ̀", iná pupa á tún tàn, ó tún di gbígbóná. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn títí tí abọ́ fi máa tán. Ẹni tó fọmi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà máa ń fà á, kódà tiẹ̀ pẹ́ ju ti abọ́ lọ torí táńkì ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní láti kún kó tó dákẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí a kọ́kọ́ pè wá wò ó ò tiẹ̀ ṣí nǹkan kan, ó ní hítà ti kú, ká lọ ra òmíì. Mo ní kó máa lọ, mo dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí hítà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí tó bá ti yé èèyàn, kò sẹ́ni tó máa fi gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́. Hítà kékeré tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri bálùwẹ̀, èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀ láìní táńkì nínú, agbára kan náà ló ń tú sínú omi nígbà gbogbo. Tó bá jẹ́ 3.5 kilowatt (kilowatt ni wọ́n fi ń wọn agbára iná), 3.5 náà ló máa tú sí i, ì báà jẹ́ omi púpọ̀, ì báà jẹ́ díẹ̀. Tí ooru yẹn bá pín sára omi púpọ̀, omi á kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó bá wá jẹ́ omi díẹ̀ ló rí, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Àwọn hítà olówó ńlá kan wà o tó ní ọpọlọ nínú, tí wọ́n lè dín iná kù fúnra wọn bí omi bá dínkù, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa kọ́ nìyẹn.

Ìṣirò ẹ̀ ò le rárá. Fún hítà 3.5 kilowatt, ẹ fi iye lítà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan pín 50, ohun tó bá jáde ni iye dìgírì tí hítà máa fi kún ooru omi. Tó bá jẹ́ 5.5 kilowatt ni tiyín, ẹ lo 79 dípò 50. Omi inú táńkì wa lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọyẹ́ máa ń wà ní nǹkan bíi 27 dìgírì, omi ìwẹ̀ tó tura sì wà láàárín 38 sí 40, kó má ju 41 lọ fún àgbà.

Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la jọ wọ̀n ọ́n. A mú jọ́ọ̀gì tó ní àmì lítà lára àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, a fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan, a gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ṣáwà. Nígbà tí gbogbo táàpù ilé wà ní títì, lítà 3.5 ló jáde. Nígbà tí mo ní kó lọ ṣí ti kíṣìnì, lítà 1.8. Ẹ wá bá mi ṣe é: 50, tí a bá fi 3.5 pín in, ó jẹ́ 14, a fi kún 27, ó di 41. 50, tí a bá fi 1.8 pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 28, a fi kún 27, ó di 55. Láti 41 sí 55, nítorí abọ́ lásán! Àti pé hítà ò tiẹ̀ ní jẹ́ kó dúró síbẹ̀ pẹ́, torí nǹkan méjì ló ń ṣọ́ ọ nínú. Ìkíní ń ṣọ́ bí omi ṣe ń kọjá, tí omi bá ti kéré jù, á pa iná kí irin inú ẹ̀ má baà jó. Ìkejì ń ṣọ́ ooru, tí ooru bá ti kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ, òun náà á pa iná, tó bá tutù á tún tan án. "Kọ̀" tí à ń gbọ́ yẹn, àwọn ni. Hítà ń dáàbò bo ara ẹ̀ àti àwa náà ni, kò kú.

Mo tún ní láti sọ ti iná, torí òun náà máa ń ṣe nǹkan tó jọ ọ́ tí èèyàn ò bá mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Tí iná bá rẹlẹ̀, ohun tí à ń pè ní low current ládùúgbò, tí vóltéèjì wálẹ̀ láti 220 sí 170, agbára hítà ò kàn dínkù díẹ̀, ṣe ló máa já wálẹ̀ sí bíi 60 nínú 100, tí 3.5 kilowatt á di nǹkan bíi 2.1. Omi á pọ̀ bó ṣe ń pọ̀ tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní gbóná. Ọ̀nà tí ẹ máa fi mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rọrùn: omi tó tín-ín-rín tó wá gbóná jù, ẹ̀bi páìpù ni. Omi tó ń ya bó ṣe ń ya tẹ́lẹ̀ tó wá tutù, ẹ lọ wo iná.

Ó wá ku kí á mọ ìdí tí omi ò fi lágbára. Omi inú táńkì, gíga ẹ̀ ni agbára ẹ̀. Agbára tí omi fi ń tì yẹn là ń pè ní prẹ́ṣọ̀, bar ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Mítà 10 ni gíga tó ń mú prẹ́ṣọ̀ bar kan wá. Torí náà, kì í ṣe bí táńkì ṣe tóbi tó o, táńkì oní-lítà 2000 tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ò lágbára tó táńkì kékeré tó wà lókè. Nílé wa, irin tí wọ́n gbé táńkì lé ga tó bíi mítà 3 àtààbọ̀, orí ṣáwà wà ní mítà 2 sílẹ̀, táńkì fúnra ẹ̀ sì ga ju mítà kan lọ díẹ̀. Tí ẹ bá yọ gíga ṣáwà kúrò lára gíga irin àti táńkì, tí táńkì bá kún dẹ́nu, a ní nǹkan bíi mítà 2 àtààbọ̀ lókè ṣáwà, tí omi bá wá ti lọ sílẹ̀ pátá, ó ku mítà kan àtààbọ̀. Bar 0.15 ni ìyẹn! Ìdí nìyí tí ṣáwà fi máa ń dáa láàárọ̀ tí a bá ti fa omi sókè lálẹ́, tó sì máa ń ya wèrè nírọ̀lẹ́ nígbà tí ilé ti lo omi tán. Ní England àti Wales, ìlànà tí wọ́n fi de àwọn iléeṣẹ́ omi ni pé prẹ́ṣọ̀ ò gbọdọ̀ kéré ju gíga mítà 7 lọ níbi páìpù tó ń wọ ilé èèyàn, tó bá ń wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lemọ́lemọ́ wọ́n máa san owó gbà-máà-bínú. Ẹ wá fi wé mítà 2 tí àwa fi ń wẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣáwà àti hítà tí à ń rà, àwọn tó ní omi tó lágbára ju tiwa lọ ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Àmọ́ gíga nìkan kọ́. Ọ̀nà tí omi gbà náà ń jẹ nínú ẹ̀. Plọ́mbà kejì tí mo pè, bàbá kan tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látìgbà tó jẹ́ pé páìpù onírin la fi ń kọ́lé, àwọn ò tiẹ̀ wọ bálùwẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n dé. Abẹ́ táńkì ni wọ́n lọ dúró sí. Wọ́n ń fi ojú tọ páìpù láti òkè wá sílẹ̀, wọ́n ń ka élíbò, ìyẹn ibi tí páìpù ti ṣẹ́rí, pẹ̀lú ìka, wọ́n wá bi mí pé, "Ìyá Ìbejì, páìpù kan ṣoṣo yìí náà ló ń bọ́ gbogbo ilé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti táńkì, ó kọ́kọ́ gba kíṣìnì, ó gba tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó gba ibi ìfọṣọ, ó wá yí ẹ̀yìnkùlé po kó tó dé bálùwẹ̀ màmá. Bàbá ní, "Ẹni tó bá jókòó sídìí àwo ni yóò kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Bálùwẹ̀ yín ló jókòó sẹ́yìn."

Wọ́n tú géètì fáàfù tó wà lábẹ́ táńkì. Láti ìta, ẹ ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ ń yí dáadáa, ẹ ṣí i, ó yí, ẹ tì í, ó yí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kékeré inú ẹ̀ ti já kúrò lára irin tó yẹ kó máa gbé e sókè, ó kàn wọ́lẹ̀ síbẹ̀, ó dí ju ìdajì ọ̀nà lọ. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tó ti wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n pa iná bálùwẹ̀ láti búrékà, wọ́n tú nọ́ọ̀tì tó so páìpù mọ́ ìdí hítà, wọ́n fi pláyà fa àwọ̀n kékeré kan jáde, kò tóbi ju èékánná àtàńpàkò lọ. Yanrìn àti ìpẹtà ti dí gbogbo ojú ẹ̀. Wọ́n gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun, bébà náà pọ́n bí osùn. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa ní irin nínú, bí ti ọ̀pọ̀ adúgbò wa, irin ọ̀hún ló ń di ìpẹtà tó bá ti fẹ́ atẹ́gùn nínú táńkì. Mi ò mọ̀ pé àwọ̀n kankan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì lérò pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ̀ náà, torí kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún wa nígbà tí wọ́n bá ń kàn án mọ́lẹ̀.

Ohun tí a ṣe nìyí. Bàbá lu ojú ihò tuntun sára táńkì, tó ga díẹ̀ ju ìdí táńkì lọ kó má baà máa fa ẹrẹ̀, wọ́n fa páìpù tuntun jáde látibẹ̀ lọ tààrà sí bálùwẹ̀ nìkan, onínṣì kan láti òkè dé ibi tó wọ ògiri. Kò sí kíṣìnì lára ẹ̀, kò sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀. Wọ́n dín élíbò kù, torí gbogbo ibi tí omi bá ti ní láti ṣẹ́rí ló ti ń sọ agbára nù, tí prẹ́ṣọ̀ èèyàn sì ti kéré báyìí, kò sí èyí tó lè sọ nù. Wọ́n rí i dájú pé páìpù ń sọ̀ kalẹ̀ ni jálẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè kó tún sọ̀, torí afẹ́fẹ́ máa ń há síbi tó bá yọ gegele bẹ́ẹ̀, omi á wá máa ta pọ̀ọ́ pọ̀ọ́ pẹ̀lú atẹ́gùn. Wọ́n yọ géètì fáàfù jù nù, wọ́n fi ball valve sí i, èyí tó jẹ́ pé tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti na gbọọrọ pẹ̀lú páìpù, ọ̀nà ti là pátápátá, ojú lásán lèèyàn fi máa mọ̀. Èmi fúnra mi tú orí ṣáwà, mo rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, mo fi abẹ́rẹ́ la ojú ihò ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

A wá tún wọ̀n ọ́n. Lítà 4.4 tí gbogbo táàpù bá wà ní títì, lítà 4.1 tí ẹ bá ṣí ti kíṣìnì. Ẹ tún bá mi ṣe é: 50, tí a bá fi 4.4 pín in, ó lé díẹ̀ ní 11, tí a bá fi 4.1 pín in, ó lé díẹ̀ ní 12. Láti 38 sí 39. Hítà kan náà, hítà tí wọ́n ní ó ti kú yẹn ni o! Màmá wẹ̀ tán, wọ́n jáde, wọ́n ní ṣé kò sẹ́ni tó ń fọ abọ́ lónìí ni. Abọ́ ti wà nínú àgbá látàárọ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ la fi ń fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé hítà onítáńkì lẹ ní, lítà 30 tàbí 50, tí ẹ ń fi mixer po gbígbóná àti tútù pọ̀, tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Níbẹ̀ ìjà láàárín páìpù méjì ni. Tí prẹ́ṣọ̀ méjèèjì bá dọ́gba, bí ẹ bá ṣí i síbi kan, á dúró síbẹ̀. Tí ọ̀kan bá dínkù, èkejì á bo ọ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ṣí táàpù kíṣìnì, omi tútù ló máa dínkù jù, torí kíṣìnì òun ló ń lò, ni gbígbóná á bá gba ojú ọ̀nà. Àtúnṣe tó dáa jù ni kí omi tó ń lọ sínú hítà àti omi tútù tó ń lọ sí ṣáwà jáde lára páìpù kan náà, nítòsí ara wọn, kí páìpù ọ̀hún sì jẹ́ ti bálùwẹ̀ nìkan. Nǹkan kan tún wà tí àwọn plọ́mbà kì í sábà wò: fáàfù kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ hítà onítáńkì níbi tí omi tútù ti ń wọlé, spring wà nínú ẹ̀ tí omi ní láti tì kó tó kọjá. Fún omi tó lágbára, kò jẹ́ nǹkan kan. Fún omi bar 0.15, ìdènà ńlá ni, tó bá tún wá dí pẹ̀lú ìpẹtà, omi gbígbóná ò ní jáde dáadáa láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ ọ́ jù nù o! Òun ló ń tú èémí jáde tí hítà bá gbóná jù, hítà tí ò ní in lè bú. Kí ẹ fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí tuntun.

Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù. Ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ nìyẹn, "ẹ lọ ra pọ́ńpù tó ń ti omi." Èmi ò lòdì sí i. Tó bá jẹ́ ilé alájà, tí bálùwẹ̀ wà lókè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdí táńkì dọ́gba, kò sí bí páìpù ṣe lè tóbi tó, ẹ máa nílò ẹ̀. Àmọ́ èrò mi ni pé páìpù ló yẹ kó ṣáájú. Pọ́ńpù tó ń ti omi gba inú fáàfù tó dí, owó iná lẹ fi ń ṣòfò. Tí ẹ bá wá fẹ́ rà á, kí ẹ jẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ táńkì kí omi tó pín sí gbígbóná àti tútù, kó máa ti méjèèjì pọ̀. Mo ti rí ilé tí wọ́n fi í sára omi tútù nìkan, tútù ò jẹ́ kí gbígbóná jáde rárá, kódà ó ń gba inú mixer padà sẹ́yìn lọ sínú páìpù gbígbóná. Àwọn pọ́ńpù kéékèèké tó ń tan ara wọn tún máa ń tàn-án-pa-á tàn-án-pa-á tí omi tí à ń lò bá kéré, omi á máa ya á máa dínkù, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún hítà báyìí. Ohun tó ń wo ìyẹn sàn ni táńkì kékeré onírọ́bà tó ní afẹ́fẹ́ nínú tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn, òun ló ń mú prẹ́ṣọ̀ dúró déédéé. Ẹ má sì gbàgbé páìpù tó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú non-return valve, fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn, kí omi lè máa gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀ tí iná bá lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, kò síná kò sómi nìyẹn.

Mixer tó ń dá mọ ooru, tó ń fi ara ẹ̀ dín gbígbóná kù tí tútù bá dínkù, nǹkan gidi ni fún ilé tí àgbà àti ọmọdé wà, màá fẹ́ kí gbogbo ilé ní in. Ṣùgbọ́n kí ẹ ka ara páálí ẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ló máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé bar kan ni prẹ́ṣọ̀ tó kéré jù tó lè bá ṣiṣẹ́, àwọn kan sì wà tí wọ́n ṣe fún omi táńkì tó lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bar 0.1 tàbí 0.2. Èyí kejì yìí ni kí àwa máa wá. Tí ọlọ́jà ò bá mọ̀ ọ́n, kí ẹ lọ sí ìsọ̀ míì.

Fún ẹ̀yin tó ń gbé ilé onílé, mo mọ̀ pé ẹ ò lè lu ihò sára táńkì lánlọ́ọ̀dù. Àmọ́ ẹ wo fáàfù kékeré tó wà lára ògiri lábẹ́ táńkì ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ tì í díẹ̀, kí omi rọra máa kún un, kó má fa omi ṣáwà tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì á pẹ́ díẹ̀ kó tó kún, kò sí nǹkan tó ṣe. Ẹ tì ti kíṣìnì náà díẹ̀ tó bá ní tiẹ̀. Ẹ rẹ orí ṣáwà, ẹ pa búrékà, ẹ fọ àwọ̀n ìdí hítà, tí ọwọ́ yín ò bá dá a kí ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kí ẹ sì ní kí oníná wò ó bóyá waya ilẹ̀ wà lára hítà ọ̀hún, torí 3.5 kilowatt ń fa iná bíi amps 16, kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi waya gílóòbù so, omi àti iná tó bá pàdé lára èèyàn kì í ṣe eré rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wọn omi, ìgbà tí gbogbo táàpù wà ní títì àti ìgbà tí ti kíṣìnì wà ní ṣíṣí, kí ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀. Òun lẹ máa fi bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, torí nọ́ńbà ò ṣeé jiyàn bí ìgbà tí èèyàn bá kàn ní "ṣáwà ò dáa". Tí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ ọ́ síbí pẹ̀lú iye kilowatt hítà yín àti bí táńkì ṣe ga tó, màá bá yín ṣírò ẹ̀, tó bá sì jẹ́ ohun tó ju agbára mi lọ, màá bi bàbá plọ́mbà léèrè.